Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Nínú Ìwé Ilé Ìwòsàn

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí dá lórí lẹ́tà méjì mẹ́ta: bí àwọn ilé ìwòsàn ṣe ń kọ wọ́n sílẹ̀, àti ohun tí wọ́n lè ṣe fún ara ènìyàn. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, kí ó rántí pé abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun mímì fún adìẹ.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kàn wá kò jìnnà. Ní Chorlton-on-Medlock, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń kàwé, yunifásítì àti ilé ìwòsàn fara kọ́ra ni. Bí ènìyàn bá kúrò ní All Saints, níbi tí ògiri iwájú gbọ̀ngàn ìlú àtijọ́ ṣì dúró sí, gbọ̀ngàn tí Kwame Nkrumah àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe ìpàdé Pan-African karùn-ún ní oṣù October 1945, tí ó sì gba Oxford Road lọ sí ìhà gúúsù, yóò la àárín yunifásítì kọjá, kò sì ní pẹ́ kan Manchester Royal Infirmary, ilé ìwòsàn Saint Mary's, ilé ìwòsàn ojú, àti ti àwọn ọmọdé tí ó kó wá síbẹ̀ ní 2009. Ọmọ wa pọ̀ ní ojú ọ̀nà yìí. Àwọn kan ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, àwọn kan ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àwọn mìíràn ń tẹ lẹ́tà fún àwọn dókítà ní ọ́fíìsì kí wọ́n lè rí owó oúnjẹ. Ẹni tí kò sì ṣe ọ̀kankan nínú wọn, orúkọ òun náà wà nínú fáìlì kan níbì kan.

Ìbéèrè tí ó ń wá sétí wa látẹnu àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí kò ju méjì lọ. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ní ọ̀nà méjì tí a lè gbà kọ ọ́, èwo ni kí a mú? Bí dókítà bá sì ké ọ̀rọ̀ kúrú, ṣé kí a kọ ọ́ ní kúkúrú ni, àbí kí a kọ ọ́ ní gígùn?

IṢẸ́ AKỌ̀WÉ DÓKÍTÀ

Ilé ìwòsàn ńlá Manchester ti pẹ́ láyé. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1752, ó wà ní Piccadilly láti 1755, kí ó tó kó wá sí Oxford Road ní 1908. Nígbà tí ó wà ní Piccadilly ni wọ́n gba dókítà ọ̀dọ́mọkùnrin kan síbẹ̀ ní 1804, Peter Mark Roget ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ọkùnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀ wọn, fún ìlò ara rẹ̀. Iṣẹ́ náà ni ó di ìwé Thesaurus tí ó tẹ̀ jáde ní 1852, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò títí di òní. Ẹ rí i pé wíwá ọ̀rọ̀ tí ó bá ọ̀ràn mu ti ní gbòǹgbò láàárín àwọn oníṣègùn ìlú yìí.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí. Dókítà yóò rí aláìsàn, yóò sọ ohun tí ó rí àti ohun tí ó fẹ́ ṣe, akọ̀wé yóò gbọ́ ọ, yóò sì tẹ̀ ẹ́ di lẹ́tà. Láyé àtijọ́, ìkọ̀wé kíákíá tí Isaac Pitman gbé jáde ní 1837 ni ọ̀pọ̀ akọ̀wé ń lò. Ìró ọ̀rọ̀ ni ìkọ̀wé Pitman ń mú, kì í mú lẹ́tà. Bí akọ̀wé bá padà dé ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, òun fúnra rẹ̀ ni yóò pinnu lẹ́tà tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ dé, lẹ́yìn rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà. Ní oṣù September 2022, àwọn ilé ìwòsàn ojú ọ̀nà Oxford Road yìí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lábẹ́ ìjọba kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í lo ètò àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pè ní Hive. Kọ̀ǹpútà tilẹ̀ wà báyìí tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìró náà ni òun pẹ̀lú ń gbọ́. Ojú ènìyàn ni yóò wò ó lẹ́yìn rẹ̀, kí ó tó di ohun tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé.

Lẹ́tà tí a sì ń wí yìí kì í dúró síbì kan. Ọ̀kan yóò lọ sọ́dọ̀ dókítà àdúgbò, ọ̀kan yóò wọ fáìlì, ọ̀kan yóò sì dé ọwọ́ aláìsàn fúnra rẹ̀. Ní 2018, àjọ àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì oníṣègùn ilẹ̀ yìí, tí ń jẹ́ Academy of Medical Royal Colleges, rọ àwọn dókítà pé kí wọ́n máa kọ lẹ́tà náà sí aláìsàn gan-an, ní èdè tí yóò yé e. Nítorí náà, ẹni tí yóò ka ohun tí a tẹ̀ lónìí lè jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sì lè jẹ́ ìyá arúgbó kan ní Moss Side tí ọmọ rẹ̀ ń kà á sí létí.

Ọ̀RỌ̀ KAN, Ọ̀NÀ ÌKỌ̀WÉ MÉJÌ

Àwa Yorùbá kì í ṣe àlejò sí wàhálà àkọtọ́. Láti 1843 tí Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ni a ti ń jiyàn lórí rẹ̀. Àwọn ìjọ CMS ṣe ìpàdé lé e lórí ní Èkó ní oṣù January 1875. Ní 1966 ìgbìmọ̀ mìíràn jókòó sí i, ní 1974 ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò ní ilé ìwé. Bí “aiye” ṣe di “ayé” nìyẹn, tí “enia” di “ènìyàn”. Síbẹ̀, títí di òní, Offa àti Oshogbo ni ó wà lára pátákó ojú ọ̀nà, tí Ọ̀fà àti Òṣogbo wà nínú ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kò sí àkọtọ́ tí ó ti ọ̀run bọ́. Àdéhùn ni. Ẹni tí ó bá wà nínú ilé kan ni yóò tẹ̀ lé àdéhùn ilé náà.

Gẹ̀ẹ́sì àwọn oníṣègùn náà ní ilé méjì. Ilé Gẹ̀ẹ́sì ilẹ̀ yìí ń kọ “anaemia” fún àìtó ẹ̀jẹ̀, “haemorrhage” fún ẹ̀jẹ̀ dídà, “oedema” fún ara wíwú, “diarrhoea” fún ìgbẹ́ gbuuru, “paediatrics” fún ìtọ́jú ọmọdé. Ilé Amẹ́ríkà ń kọ “anemia”, “hemorrhage”, “edema”, “diarrhea”, “pediatrics”. Láti èdè Gíríìkì ni púpọ̀ nínú wọn ti wá, tí wọ́n gba inú èdè Látìnì kọjá, tí wọ́n sì kó lẹ́tà méjì tí ó so pọ̀ dání. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì fi méjèèjì sílẹ̀, àwọn ará Amẹ́ríkà yọ ọ̀kan dànù. Kò sí èyí tí ó ń pa aláìsàn nínú méjèèjì. Ohun tí kò dára ni kí lẹ́tà kan ní “anaemia” lókè kí ó sì ní “anemia” nísàlẹ̀, nítorí pé ẹni tí ń fi kọ̀ǹpútà wá ọ̀rọ̀ kan nínú fáìlì lè rí ọ̀kan kí ó má rí èkejì.

Ibi tí ọ̀ràn ti le díẹ̀ ni ibi tí ìyàtọ̀ yìí ti wọ inú ìkékúrú. Ọ̀nà ọ̀fun tí oúnjẹ ń gbà kọjá ni “oesophagus” níhìn-ín, “esophagus” ní Amẹ́ríkà. Nítorí bẹ́ẹ̀, àìsàn tí omi kíkan inú ikùn fi ń padà wá sókè, GORD ni wọ́n ń pè é ní Manchester, GERD ni ní New York. Àyẹ̀wò tí a ń ti ẹ̀rọ bọ ọ̀nà ọ̀fun láti wo inú ikùn, OGD ni níhìn-ín, EGD ni lọ́hùn-ún. Àyẹ̀wò ọkàn tí a ń gba ọ̀nà ọ̀fun ṣe, TEE ni ti Amẹ́ríkà, TOE ni ti Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ “toe” ni ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ọmọ wa tí ó kàwé nínú ìwé Amẹ́ríkà ní Ìbàdàn tàbí ní Ifẹ̀, tí ó wá ń tẹ lẹ́tà níhìn-ín, ní láti mọ̀ pé ohun kan náà ni wọ́n ń wí.

Kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni èyí tí ó gùn jẹ́ èyí tí ó tọ́. Ọ̀rọ̀ “fetus”, tí ó jẹ́ ọmọ inú oyún, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé Amẹ́ríkà ni ó gé lẹ́tà kúrò nínú “foetus”. Kò rí bẹ́ẹ̀. “Fetus” ni ó wà nínú èdè Látìnì láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn ni ó ṣèèṣì fi “o” kún un, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ilẹ̀ yìí sì ti padà sí “fetus”. Bákan náà ni ilẹ̀ yìí ti pa orúkọ oògùn mìíràn dà láti nǹkan bí 2003, kí ó lè bá ti gbogbo àgbáyé mu: “frusemide” di “furosemide”, “lignocaine” di “lidocaine”, “amoxycillin” di “amoxicillin”. Ṣùgbọ́n wọ́n di “adrenaline” mú ṣinṣin, bí Amẹ́ríkà tilẹ̀ ń pè é ní “epinephrine”.

Ti orúkọ oògùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà lásán. Ohun tí a mọ̀ sí paracetamol nílé àti níhìn-ín, acetaminophen ni Amẹ́ríkà ń pè é. Ká ní ìyá ẹnìkan fò wá láti Houston, tí ó gbé ìgò oògùn tirẹ̀ lọ́wọ́, tí ó sì tún ra paracetamol ní ilé ìtajà oògùn, tí ó ń lo méjèèjì pọ̀ nítorí pé orúkọ wọn yàtọ̀. Àgbàlagbà kò gbọdọ̀ lò ju gíráàmù mẹ́rin lọ ní wákàtí mẹ́rìnlélógún, èyí tí í ṣe hóró mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 500 mg. Ohun tí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ kí ó tó mọ̀. Akọ̀wé tí ó bá mọ̀ pé orúkọ méjì ni oògùn kan ń jẹ́ lè gba irú ìyá bẹ́ẹ̀ là.

ÌRÓ KAN, Ọ̀RỌ̀ MÉJÌ

A gbọ́dọ̀ ya èyí sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí a ti sọ. “Anaemia” àti “anemia” jẹ́ ọ̀rọ̀ kan tí ó wọ aṣọ méjì. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n jọra bí ìbejì, tí ìwà wọn kò sì jọra rárá. Ọmọ Yorùbá ni ó yẹ kí èyí tètè yé jù lọ, àwa tí a ní igbá, igba, ìgbà, ìgbá àti igbà, tí ó jẹ́ pé ohùn nìkan ni ó ya ohun tí a fi ń bu omi kúrò lára okùn tí a fi ń gun ọ̀pẹ.

“Ilium” ni egungun ìbàdí, “ileum” ni apá ìkẹyìn ìfun kékeré. Bákan náà ni etí ń gbọ́ wọn. “Dysphagia” ni kí ènìyàn má lè gbé oúnjẹ mì dáadáa, “dysphasia” ni kí ọ̀rọ̀ sísọ nira fún un, bí ó ti máa ń rí lẹ́yìn àrùn rọpárọsẹ̀. “Hypertension” ni ẹ̀jẹ̀ ríru, “hypotension” ni kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ jù, ìtọ́jú ọ̀kan sì lè di ìparun fún èkejì. Níbi báyìí, kò sí ọ̀rọ̀ pé èwo ni ilé wa fẹ́ràn. Ọ̀kan tọ́, èkejì kò tọ́. Ìyókù lẹ́tà náà ni yóò fi hàn wá. Bí dókítà bá ń sọ̀rọ̀ ìfun láti òkè dé ìsàlẹ̀, a mọ̀ pé kò lè jẹ́ egungun ìbàdí ni ó bọ́ sí i lẹ́nu lójijì. Bí ìyókù lẹ́tà kò bá sì là á yé wa, a ó bèèrè. Abèèrè kì í ṣìnà.

ÀÀBỌ̀ Ọ̀RỌ̀

Àwọn àgbà wa ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odindi. Òwe rere ni láàárín àwọn tí ó mọ ara wọn. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ilé ìwòsàn, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ lè dé inú ẹni tí ó gbà á kí ó di odindi mìíràn. Ẹni tí ó kọ ọ́ ti lọ sílé, ilẹ̀ ti ṣú, dókítà tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru kò sì mọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú èyí tí gbogbo wa mọ̀. Ní ilé, ọmọdé tilẹ̀ mọ ohun tí AS túmọ̀ sí. A máa ń bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí a fẹ́ fẹ́: ṣé AA ni ọ́, àbí AS? Ẹni tí ó jẹ́ AS gbé ìdajì ohun tí ń fa àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ara rẹ̀ sì sábà máa ń le. Ṣùgbọ́n ní kílíníìkì ọkàn ní ilẹ̀ yìí, AS ni “aortic stenosis”, kí ilẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde láti inú ọkàn fún pọ̀. Ní kílíníìkì oríkèé ara, AS ni “ankylosing spondylitis”, àìsàn tí ń mú ẹ̀yìn gan. Ọmọ wa tí ó bá sọ fún nọ́ọ̀sì pé “AS ni mí”, tí wọ́n sì kọ lẹ́tà méjèèjì náà sílẹ̀ láìfi nǹkan kan kún un, ó lè jẹ́ pé àìsàn ọkàn ni wọ́n kọ fún un. Ẹni tí ó sì jẹ́ SS, tí ìrora bá mú un lóru, kò yẹ kí ó máa dúró de ẹni tí yóò túmọ̀ lẹ́tà méjì. Kí ìwé rẹ̀ kọ “sickle cell disease, Hb SS” ní kíkún, kí ìtọ́jú lè bẹ̀rẹ̀.

AS kò dá nìkan wà. MS jẹ́ “multiple sclerosis” lọ́dọ̀ àwọn tí ń tọ́jú ọpọlọ, ó sì jẹ́ “mitral stenosis” lọ́dọ̀ àwọn tí ń tọ́jú ọkàn. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n a tún máa fi MS tàbí MSO4 pe oògùn ìrora morphine sulfate, tí MgSO4 sì jẹ́ magnesium sulfate, èyí tí a ń fún aboyún tí gìrì bá mú. Ẹni tí ó bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì, a kò ní í fẹnu sọ ohun tí ó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. PID lè jẹ́ àrùn inú abẹ́ obìnrin, ó sì lè jẹ́ egungun ẹ̀yìn tí ohun àárín rẹ̀ yọ síta. OD ní ilẹ̀ yìí ni kí a lo oògùn lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì “omni die”. Lọ́dọ̀ oníṣègùn ojú, “oculus dexter”, ojú ọ̀tún, ni OD. Ní ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì, ẹni tí ó lo oògùn ju bí ó ti yẹ lọ ni OD. Gbogbo ibi mẹ́ta wọ̀nyí wà nínú ọgbà kan náà ní Oxford Road.

Ti òǹkà oògùn ni ó burú jù. Bí a bá kọ ìwọ̀n insulin ní “10U”, tí ìkọ̀wé náà sì fún pọ̀, ẹlòmíràn lè kà á sí 100. Ní oṣù June 2010, àjọ tí ń bójú tó ààbò aláìsàn nígbà náà ní ilẹ̀ yìí, National Patient Safety Agency, pa á láṣẹ pé “units” ni kí a máa kọ ní kíkún fún insulin, kí a má ṣe ké e kúrú rárá. Amẹ́ríkà ti ṣe irú rẹ̀ ní 2004, nígbà tí àjọ Joint Commission gbé ìwé ìkékúrú tí a kò gbọ́dọ̀ lò jáde. U wà níbẹ̀, MS wà níbẹ̀, QD tí wọ́n fi ń pe ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ náà wà níbẹ̀, nítorí pé ó jọ QID tí í ṣe ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́. Ìwé oògùn ilẹ̀ yìí, British National Formulary, ní kí a kọ “micrograms” ní kíkún. Ẹni tí ó bá ka ìkékúrú rẹ̀ sí “mg” ti fi oògùn ọ̀nà ẹgbẹ̀rún kún ti aláìsàn. Bákan náà, kí a kọ 1 mg, kí a má kọ 1.0 mg, kí ẹnikẹ́ni má baà kà á sí 10. Kí a sì kọ 0.5, kí a má kọ .5, nítorí pé ojú lè fo àmì kíún tí ó wà níwájú rẹ̀.

Èyí tí ó máa ń ya àwọn tuntun wa lẹ́nu ni bí àwọn dókítà ilẹ̀ yìí ṣe ń kọ àkókò. 4/7 ni ọjọ́ mẹ́rin, 2/52 ni ọ̀sẹ̀ méjì, 3/12 ni oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n aláìsàn tí ó bá ka “padà wá ní 3/12” nínú lẹ́tà rẹ̀ lè ro pé ọjọ́ kẹta oṣù December ni, èyí tí ó ti Amẹ́ríkà dé sì lè ro pé ọjọ́ kejìlá oṣù March ni. Ìtumọ̀ mẹ́ta fún òǹkà méjì! Kí a kọ “oṣù mẹ́ta”, kí ọ̀rọ̀ tán.

A kò sọ pé kí a má ké ọ̀rọ̀ kúrú mọ́ láéláé. HIV ti di orúkọ tirẹ̀, ìwọ̀nba ènìyàn ni ó sì lè pe TB, ikọ́ ẹ̀gbẹ, ní orúkọ gígùn. ECG kò ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà níhìn-ín, bí Amẹ́ríkà tilẹ̀ ń kọ EKG tí wọ́n mú láti inú èdè Jámánì. Ohun tí a ń sọ ni pé ìkékúrú tí ó ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀rẹ́ wa, èyí tí ó ní méjì kò ṣe é fọkàn tán.

ORÚKỌ TIWA ŃKỌ́?

Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n akọ̀wé ilé ìwòsàn kò mọ ilé wa. Ṣadé lè di “Shade” ní ilé ìwòsàn kan, kí ó sì di “Sade” ní òmíràn, bẹ́ẹ̀ “shade” ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe ibòòji. Ṣọlá lè di “Shola” tàbí “Sola”. Bí fáìlì bá di méjì, tí ó jẹ́ pé inú ọ̀kan ni wọ́n ti kọ ọ́ pé penicillin kò bá ẹni náà lára mu, tí ó sì jẹ́ pé èkejì ni wọ́n ṣí lọ́jọ́ tí àìsàn dé, ẹ fojú inú wo ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀.

Ohun méjì mìíràn tún wà tí ó jẹ́ tiwa nìkan. Èkíní, ní ilé ìwé wa nílé, orúkọ ìdílé ni a ń kọ́kọ́ kọ, orúkọ ènìyàn a tẹ̀ lé e. Níhìn-ín, òdìkejì ni. Akọ̀wé tí ó bá rí “Adebayo Ayodele” kò ní ọ̀nà tí yóò fi mọ èyí tí í ṣe ti bàbá. Èkejì, bí a bá ń ka lẹ́tà orúkọ wa lórí tẹlifóònù, ẹ ṣọ́ra. “I” ní ohùn Yorùbá jọ “E” létí Gẹ̀ẹ́sì, “E” tiwa sì súnmọ́ “A” tiwọn. Ìyá tí ó bá ka Bísí ní ohùn Yorùbá lè bá “Bese” nínú ìwé. Kí a máa sọ pé “I” bí ti India, “E” bí ti Echo, gẹ́gẹ́ bí àwọn awakọ̀ òfurufú ti ń ṣe.

ÌMỌ̀RÀN WA

Fún àwọn tí ń tẹ lẹ́tà: Èkíní, ẹ béèrè àkọtọ́ tí ọ́fíìsì yín ń tẹ̀ lé, kí ẹ sì dì í mú láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà dé òpin rẹ̀. Bí kò bá sí, ti ilẹ̀ yìí ni kí ẹ lò. Orúkọ ìwé tàbí ti ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà nìkan ni kí ẹ fi sílẹ̀ bí àwọn tí ó ni ín ti kọ ọ́. Èkejì, ẹ kọ orúkọ àìsàn ní kíkún nígbà àkọ́kọ́ tí ó bá jẹyọ, pàápàá níbi tí a ti ń sọ ohun tí ń ṣe aláìsàn, lẹ́yìn náà ni ẹ lè ké e kúrú. Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe ké orúkọ oògùn tàbí ìwọ̀n rẹ̀ kúrú rárá, bí iṣẹ́ ti wù kí ó pọ̀ tó. Ẹ̀kẹrin, bí dókítà bá sọ ìkékúrú tí ó ní ìtumọ̀ méjì, ẹ má ṣe yan ọ̀kan fún un. Ẹ fi àyè sílẹ̀, ẹ fi àmì sí i, ẹ bèèrè. Àyè tí ó ṣófo ń pe ènìyàn kí ó wá wò ó. Ọ̀rọ̀ tí a méfò, tí a tẹ̀ dáadáa, kò pe ẹnikẹ́ni, ibẹ̀ ni yóò jókòó sí títí yóò fi ṣiṣẹ́ ibi. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá bèèrè, àwọn òyìnbó yóò sọ pé Gẹ̀ẹ́sì àwọn kò dán mọ́rán. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Ẹ̀mí ènìyàn ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, akọ̀wé tí kì í bèèrè ni ó yẹ kí dókítà bẹ̀rù.

Fún gbogbo wa tí a jẹ́ aláìsàn lónìí tàbí lọ́la: ẹ yan ọ̀nà kan láti kọ orúkọ yín, kí ó sì bá ti pásípọ́ọ̀tù mu. Ẹ mọ òǹkà NHS yín, òǹkà mẹ́wàá ni, kì í yí padà bí orúkọ bá yí. Ẹ sọ àìsàn yín ní odindi, ẹ má sọ ọ́ ní ààbọ̀. Bí lẹ́tà ilé ìwòsàn bá sì dé, ẹ kà á, ẹ wo orúkọ oògùn, ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀, ẹ wo ọjọ́. Bí ìkékúrú kan kò bá yé yín, ẹ pe nọ́ńbà tí ó wà lórí lẹ́tà náà kí ẹ sì bèèrè ohun tí ó túmọ̀ sí. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Ẹyin ni ohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ń fọ́. Ti ìwé sàn díẹ̀, nítorí pé a ṣì lè tún un kọ kí a tó fi ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a lo àǹfààní náà. Ire o.